"Èèyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ wọn ò lè wọlé": kí ni kí n máa dá wọn lóhùn?

Ọmọ Bẹẹrẹ · Sátidé, 4 oṣù Kẹta 2023

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọgbọ́n ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín, ó sì ń kán mi lójú, torí ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ìdìbò wáyé.

Ní ẹkùn ìdìbò wa, nínú ìgboro Ìbàdàn níbí, bàbá kan ń díje fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan. Mi ò ní dárúkọ bàbá náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ wọn. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ìṣirò ni wọ́n fi kọ́ni títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, èmi gan-an jókòó ní kíláàsì wọn. Nígbà tí àgbàrá gbé afárá kékeré tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí lọ, àwọn ni wọ́n mú ìwé àkọsílẹ̀ dání láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń kọ iye tí onílé kọ̀ọ̀kan dá. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n lẹ gbogbo ìnáwó mọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí, títí dórí owó omi tí àwọn bíríkìlà mu. Mo dúró ka ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló jẹ́ kí n máa tẹ̀ lé wọn kiri láti oṣù Kọkànlá.

Kò sẹ́ni tó bú wa rí, ohun tó sì ń dá mi lágara gan-an nìyẹn. Láná, a dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa. Wọ́n ń di tẹ̀tẹ̀ ní ìdì-ìdì lọ́wọ́. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n gba ìwé tí a tẹ fọ́tò Tíṣà sí, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní: "Tíṣà mà ni. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ọmọ mi méjì ni wọ́n kọ́. Àmọ́, ọmọ mi, wọn ò lè wọlé." Wọ́n ká ìwé náà sí mẹ́rin, wọ́n fi sínú àpò ìdí tí wọ́n ń kówó sí, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀fọ́ wọn.

Télọ̀ tó wà ní ọ̀ọ́kán wọn sọ ohun kan náà. Àwọn ọlọ́kadà sọ ọ́. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, tó máa ń ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, sọ ọ́. Kí lèèyàn ń sọ fún ẹni tó ti gbà pé olùdíje rẹ dára, tó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìbò òun á ṣòfò?

Rò ó wò · Sọ́ńdè, 5 oṣù Kẹta

Àbúrò, má bínú sí mi, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìyá yẹn ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìbò fún ẹgbẹ́ kékeré. Lákọ̀ọ́kọ́, mo bẹ gbogbo àdúgbò, mo bẹ àna mi, mo bẹ ẹni tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ìdìbò wáyé, olùdíje wa lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣíwájú ẹgbẹ́ ńlá, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ní àwọn ti para pọ̀. Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà kọjá fún bí oṣù kan. Lẹ́ẹ̀kejì, olùdíje ò ta wá, àmọ́ nígbà tí wọ́n ka ìbò ní ibùdó wa, mẹ́ta péré ni tirẹ̀: èmi, ìyàwó mi, àti ẹnì kan tí a ò mọ̀ títí di òní.

Èèyàn 32 ló wà nínú Ilé Aṣòfin Ọ̀yọ́. Kí ni ẹyọ ẹnì kan fẹ́ ṣe láàárín wọn? Bó bá sì wọlé tán, ta ló lè dúró fún un pé kò ní kó ẹrù rẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba? Ìrètí àwọn èèyàn kì í ṣe ohun ìṣeré. Bí ẹ bá gbé e sókè tán tó já, ẹni tó máa tún gbé e sókè lọ́jọ́ mìíràn á pẹ́ kó tó rí i gbé.

Ìyá Aláṣọ Gbági · Sọ́ńdè, 5 oṣù Kẹta

Rò ó wò, ẹ kú ìrírí o. Ojú ti rí nǹkan. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi Ọmọ Bẹẹrẹ léèrè ọ̀rọ̀ kan.

Ọmọ mi, nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní "wọn ò lè wọlé", ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀? Ìwọ rò pé Tíṣà ni. Tíṣà kọ́. Télọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé "Télọ̀ ò ní dìbò fún wọn". Ohun tí Télọ̀ náà ní lọ́kàn ni pé Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ò ní dìbò fún wọn. Àwọn méjèèjì ń wo ojú ara wọn láti òdì kejì títì, kò sì sí èyí tó bi ìkejì rẹ̀.

Mo ti ta aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún. Bí aṣọ kan bá wọ ọjà, oníbàárà á fọwọ́ kàn án, á ní ó dára, á sì béèrè pé: "Ta ló ti rà á?" Ẹ wò ó, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn aṣọ. Kò fẹ́ dá wọ̀ ọ́ ni. Bí mo bá wá ń tún ẹwà aṣọ náà sọ fún un, mo kàn ń fi àkókò mi ṣòfò, ó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ohun tó máa jẹ́ kó tú àpò ni kó rí ìyàwó Alhaji tó wọ̀ ọ́ kọjá.

Nítorí náà, yé sọ fún wọn pé Tíṣà dára. Jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn.

Ọmọ Àwórì · Sọ́ńdè, 5 oṣù Kẹta

Ẹ ṣeun, Ìyá Aláṣọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Èkó ní 25 oṣù Kejì nìyẹn, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti 1999, bí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba Èkó bá ní òun ló ni ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Asiwaju Tinubu fúnra rẹ̀ ló ń díje fún ipò ààrẹ, ilé rẹ̀ sì ni Èkó. Labour Party ò ní gómìnà, kò ní káńsẹ́lọ̀, ibòmíràn ò tilẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ wo èsì tí INEC ka fún Èkó: LP 582,454, APC 572,606, PDP 75,750. Ẹ fi ojú sí Etí-Ọ̀sà pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń du ìjókòó Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Gbajúmọ̀ méjì ni gbogbo ayé ń wò: Babajide Obanikoro ti APC, ọmọ mínísítà àtijọ́, àti Bankole Wellington ti PDP, olórin tí gbogbo wa mọ̀ sí Banky W. Thaddeus Attah ti LP ló gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́: 24,075, Wellington 18,666, Obanikoro 16,901. Kó tó di ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá bi mí pé ta ni Attah, mi ò mọ̀ ọ́n.

Bí gbogbo àwọn 24,075 yẹn bá jókòó sílé pé kò lè wọlé, kì bá wọlé lóòótọ́.

Rò ó wò · Sọ́ńdè, 5 oṣù Kẹta

Ọmọ Àwórì, mo gbọ́. Àmọ́ ìgbì ló gbé Attah. Ẹni tó ń díje fún ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ yẹn ló fa gbogbo wọn lọ́wọ́ wọlé, àwọn míì tẹ ìka sí àmì ẹgbẹ́ láì mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń dìbò fún. Ìgbì wo ló wà lẹ́yìn Tíṣà? Ẹ wo Ọ̀yọ́ wa níbí: Tinubu ti APC 449,884, Atiku ti PDP 182,977, Obi ti LP 99,110. Ìjì Èkó ò fẹ́ dé Ìbàdàn.

Ìyá Aláṣọ Gbági · Sọ́ńdè, 5 oṣù Kẹta

Ẹ tún èsì tí ẹ kà yẹn kà, bọ̀dá mi. PDP ló ń ṣèjọba Ọ̀yọ́, gómìnà PDP ló wà ní Agodi. Síbẹ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ìbò tó ju ìlọ́po méjì lọ gbé ẹni ẹgbẹ́ mìíràn lé Atiku lórí. Àwọn èèyàn wa ń pín ìbò wọn sí bó ṣe wù wọ́n, èèyàn ni wọ́n ń wò. Mo mọ obìnrin tó dìbò fún APC lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sì ń múra láti dìbò fún Ṣèyí Makinde, gómìnà náà. Ẹni tó bá lè fi ìka kan ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ nípa Tíṣà.

Ajẹ́ńtì Àtijọ́ · Mọ́ńdè, 6 oṣù Kẹta

Mo ti ṣe ajẹ́ńtì ẹgbẹ́ nínú ìdìbò mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò rẹ̀, Tíṣà náà á fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀yọ́ ní ibùdó ìdìbò 6,390, ìjókòó aṣòfin sì jẹ́ 32. Bí ẹ bá pín in, nǹkan bí 200 ibùdó ló bọ́ sí ẹkùn kan. Èèyàn ọgbọ̀n ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ìbò 6,000 nìyẹn. Ọgbọ̀n èèyàn ò pọ̀, àwọn tó ń jókòó sábẹ́ igi ní ibi àpèjẹ ìsọmọlórúkọ kan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣòfin ìpínlẹ̀ ò dà bí ààrẹ tó gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, ì báà jẹ́ ẹyọ kan ló fi pọ̀.

Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà jẹ́ 93,469,008. Àwọn tí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, rí lójú lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ jẹ́ 25,286,616. Àwọn yòókù, tó lé ní 68 mílíọ̀nù, jókòó sílé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní "kí ni ẹyọ ìbò tèmi fẹ́ ṣe". Ẹ lọ bi àwọn ará Ọ̀ṣun. Ní 22 oṣù Kẹsàn-án 2018, Adeleke ní 254,698, Oyetola ní 254,345. Ìbò 353 ló wà láàárín gómìnà àti ẹni tó pàdánù. Wọ́n ní èsì ò tíì parí, wọ́n tún dìbò ní ibùdó méje péré, ibùdó méje yẹn ló sì yí gbogbo ìpínlẹ̀ padà sọ́dọ̀ Oyetola. Omisore tó ṣe ipò kẹta lábẹ́ SDP ní ìbò tó lé ní 128,000, ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ló sì lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé rẹ̀ kó tó di ọjọ́ àtúndì yẹn.

Mo ní ìbéèrè kan fún Ọmọ Bẹẹrẹ: ajẹ́ńtì mélòó ni ẹgbẹ́ yín fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC? Ibi tí ẹgbẹ́ kékeré ti máa ń kú nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá ka ìbò tán, wọ́n á kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù EC8A, ajẹ́ńtì tó bá wà níbẹ̀ á buwọ́ lù ú, á sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò ní ajẹ́ńtì ò ní ẹ̀dà, bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ẹnu lásán ló máa fi jà.

Ọmọ Bẹẹrẹ · Mọ́ńdè, 6 oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n, mọ́kàndínlógún ni. Wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ pa.

Ajẹ́ńtì Àtijọ́ · Mọ́ńdè, 6 oṣù Kẹta

Ó kéré, àmọ́ kì í ṣe òfìfo. Ibi tí ẹ ò ní ajẹ́ńtì, ẹ ní olùdìbò. Èsì tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ibùdó, ti gbogbo èèyàn ni. Ẹ bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan kó dúró títí wọ́n á fi kà á, kó ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú, kó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ wá omi àti búrẹ́dì fún àwọn ajẹ́ńtì mọ́kàndínlógún yẹn. Ebi ló ń lé ajẹ́ńtì ẹgbẹ́ kékeré kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ti rí i lójú mi.

Ọmọ Oǹdó · Mọ́ńdè, 6 oṣù Kẹta

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yẹn ni mo fẹ́ fi kún. Àkúrẹ́ ni mo wà ní 14 oṣù Kẹrin 2007. Mimiko, Ìrókò, ti fi PDP sílẹ̀ lọ sí Labour Party. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín: báwo ni Labour ṣe fẹ́ lé Agagu tó wà lórí àléfà? INEC kéde Agagu. Àwọn tó ti ń sọ pé "a ti sọ fún yín" tún sọ ọ́. Àmọ́ Ìrókò kó ìwé lọ sí kóòtù. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ dá a láre ní 2008, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Benin fọwọ́ sí i ní 23 oṣù Kejì 2009, ọjọ́ kejì ni wọ́n búra fún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì gbáko. Bàbá mi tọ́jú ìròyìn ọjọ́ yẹn sábẹ́ ibùsùn wọn, ó wà níbẹ̀ nígbà tí a ń kó ẹrù wọn lẹ́yìn ìsìnkú.

Rò ó wò · Mọ́ńdè, 6 oṣù Kẹta

Mimiko ti ṣe akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀, ó ti ṣe mínísítà. Tíṣà ṣe olùkọ́ ìṣirò. Ẹ má jẹ́ ká fi ẹṣin wé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí pé a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa dùn. Bí ẹ bá ní kí n wo ẹni tó jọ ti wa, Makinde ni kí ẹ mú wá. Ní 2015 tó jáde du ipò gómìnà lábẹ́ SDP, Ajimobi ní 327,310, Ladoja ní 254,520, òun kò sún mọ́ wọn rárá. Ní 2019, ó ní 515,621, Adelabu ní 357,982. Àmọ́ PDP ló wà nígbà náà, àwọn olùdíje ẹgbẹ́ kéékèèké bíi Lanlehin àti Sharafadeen Alli sì ti wá tì í lẹ́yìn. Ìjáde àkọ́kọ́ kọ́ ló gbé e wọlé.

Ìyá Aláṣọ Gbági · Mọ́ńdè, 6 oṣù Kẹta

Bọ̀dá mi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti sọ ọ́ yẹn. Bí kò bá jáde ní 2015, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n ní 2019?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Boston · Túsìdeè, 7 oṣù Kẹta

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún ní ṣókí. Bernie Sanders tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ du ipò gómìnà àti ti sẹ́nétọ̀ ní Vermont láàárín 1972 sí 1976 lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan, gbogbo rẹ̀ ló sì fìdí rẹmi. Ní 1981, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, ó du ipò mẹ́yọ̀ Burlington, ìlú kan ṣoṣo. Ojúlé dé ojúlé ló ń kàn. Ìbò mẹ́wàá ló fi wọlé. Mo fẹ́ràn ọ̀nà tí Tíṣà gbà: ẹkùn tó lè fi ẹsẹ̀ rìn ló dù.

Ọmọ Adó · Túsìdeè, 7 oṣù Kẹta

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, àmọ́ ẹ ò tíì dárúkọ owó. Ní Èkìtì wa ní 14 oṣù Keje 2018, wọ́n ń pè é ní "dìbò kí o sebẹ̀". Èèyàn á tẹ̀ka, á fi han ẹni tó ń yọjú, á yà sẹ́yìn ògiri lọ gba owó. Ìyá ọ̀rẹ́ mi gbà á. Mi ò lè bú wọn, ìkòkò wọn gbẹ lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́. Kí ni Tíṣà fẹ́ fi bá irú ìyẹn jà?

Ọmọ Bẹẹrẹ · Wẹ́sìdeè, 8 oṣù Kẹta, alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti gbọ́ pé INEC ti sún ìdìbò sí 18 oṣù Kẹta. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún BVAS ṣètò. Ọlọ́run ló fi ọ̀sẹ̀ kan kún tiwa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Aláṣọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ láná. Mi ò sọ nǹkan kan nípa Tíṣà. Mo ní: "Ìyá, bí ẹ bá mọ̀ pé Télọ̀ á dìbò fún wọn ńkọ́?" Wọ́n wo òdì kejì. Wọ́n ní: "Télọ̀ yìí? Ẹgbẹ́ ńlá ló ń rán aṣọ fún." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pè é. Wọ́n ní kí n má pè é síbẹ̀, kí a wá sí àgbàlá àwọn lẹ́yìn ìrun ìṣáà.

Àwa mẹ́tàlá la pé. Àtùpà olóòrùn kan ló wà nílẹ̀, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé kan ni mo mú dání, n kò tíì ṣí i. Kí n tó sọ̀rọ̀, Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ki ọwọ́ bọ àpò ìdí wọn, wọ́n mú ìwé fọ́tò Tíṣà jáde, èyí tí wọ́n ká sí mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn, omi ẹ̀fọ́ ti rin ín ní etí kan. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan. Wọn ò sọ̀rọ̀. Télọ̀ wò ó. Òun náà ki ọwọ́ bọ àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó mú tirẹ̀ jáde. Bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn ní tàwọn wà nílé, àwọn fi ṣàmì sínú ìwé àdúrà. Ẹ̀yin ará, mo ti pín ìwé yẹn láti oṣù Kọkànlá, mo rò pé wọ́n ti fi dì mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ti ń gbé e kiri lára.

Ìyá kan dìde, wọ́n ní àwọn ò ní lè ṣe é. Káńsù ni ọmọ wọn ti ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ ló fi síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì jókòó tì wá títí a fi parí. Àwọn méjìlá yòókù sọ fún mi kí n kọ orúkọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì sọ iye èèyàn tí òun lè bá sọ̀rọ̀ nínú agbo ilé òun. Télọ̀ ní márùn-ún. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní kí n má kọ iye, kí n fi ojú ìlà wọn sílẹ̀ ní òfìfo.

Ọmọ Adó, ìbéèrè yín nípa owó dìde níbẹ̀. Télọ̀ ló dáhùn. Ó ní èèyàn tó ti tò fún ọjọ́ mẹ́ta ní báǹkì láti gba ẹgbẹ̀rún méjì tirẹ̀ mọ̀ pé kò sówó níta báyìí. Ó ní bí wọ́n bá tiẹ̀ rí i kó wá, ẹgbẹ̀rún mélòó ló máa tún ojú gọ́tà àwọn ṣe? Ó ní kí ẹni tó bá gbowó gbà á pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, òun ò ní gbà á. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sọ ọ́.

Rò ó wò · Tọ́sìdeè, 9 oṣù Kẹta

Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì gbà pé ẹ máa wọlé o. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí irú mi tẹ̀ ẹ́, ohun méjì ni mo fẹ́. Kí Tíṣà dúró níwájú àwọn méjìlá yẹn, kí wọ́n sọ lẹ́nu ara wọn pé àwọn ò ní sọ̀kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kó tó di ọjọ́ ìdìbò. Kí wọ́n sì sọ ohun tí ẹnì kan lè ṣe láàárín èèyàn 32. Ẹ má ṣe bá wọn dáhùn.

Ọmọ Bẹẹrẹ · Jímọ́, 10 oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn, wọ́n sì wá lálẹ́ àná. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan ti pe àwọn lórí fóònù, wọ́n dárúkọ owó níwájú gbogbo wa, wọ́n ní àwọn ti sọ pé rárá. Lórí èèyàn 32, wọ́n béèrè bóyá a rántí ògiri mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní gbogbo aṣòfin ni ìwé ìsúná ìpínlẹ̀ ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí àwọn bá dá nìkan wà, àwọn ò lè yí i padà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ní kí àwọn má kà á. Gbogbo ojú ìlà tó bá kan ẹkùn wa ni àwọn máa kọ gàdàgbà-gàdàgbà lẹ̀ mọ́ ògiri kan náà, títì wo, eélòó, ta ló gbà á ṣe. Wọ́n ní bí àwọn bá sì sá, òfin ìlú gbà á láàyè kí ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn buwọ́ lùwé láti pe aṣòfin padà, kí àwọn aráàlú sì wá dìbò lé e lórí. Wọ́n ní kí Télọ̀ máa tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ náà dè é.

Ìyá Aláṣọ Gbági · Jímọ́, 10 oṣù Kẹta

Ẹ gbà mí láàyè kí n sunkún díẹ̀.

Ó tó. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjìlá náà ṣe irú ìpàdé yẹn nínú agbo ilé tirẹ̀, kó má ju èèyàn mẹ́wàá lọ, kó jẹ́ alẹ́, kí ó má sí gbohùngbohùn, kí ó má sí ankara ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe ìpàdé ńlá rárá. Níbi èrò púpọ̀, olúkúlùkù á tún máa wojú ẹnìkejì ni. Lọ́jọ́ ìdìbò, kí wọ́n jọ rìn lọ síbi ìdìbò ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó bá rí obìnrin mẹ́ta tó jọ ń lọ láàárọ̀ á béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọmọ Bẹẹrẹ · Mọ́ńdè, 20 oṣù Kẹta

Ẹ kú ojú lọ́nà. A ò wọlé.

Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ló gbé ẹkùn wa. Ipò kẹta ni Tíṣà ṣe. Níbi tí a ò tíì dé rárá, ọ̀pọ̀ ibùdó ló jẹ́ òdo tàbí ìbò kan. Mi ò ní tàn yín, ó dùn mí wọra, lálẹ́ Sátidé mi ò lè jẹun.

Àmọ́ ní ibùdó tiwa, ẹni tó ṣáájú ní 81, Tíṣà ní 74. Ẹnì kan ń pín owó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan, àwọn kan gbà á lóòótọ́. Mẹ́tàdínlógún nínú ajẹ́ńtì mọ́kàndínlógún ló dúró títí wọ́n fi buwọ́ lu EC8A, ẹ̀dà wọn wà lọ́wọ́ wa. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kó obìnrin mẹ́rìnlá wá ní mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn méjì ló gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn kíkà, wọ́n ní kí n mú ìwé àkọsílẹ̀ wá, wọ́n kọ 14 sí ojú ìlà wọn fúnra wọn.

Rò ó wò · Mọ́ńdè, 20 oṣù Kẹta

74? Ní ibùdó kan?

Níbi tèmi, ìbò márùn-ún ni wọ́n kà fún Tíṣà. A wà ní ẹkùn kan náà, àbúrò, mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ mi obìnrin. Mi ò mọ àwọn méjì yòókù, mo sì ti ń béèrè láti òwúrọ̀. Ibùdó wo lẹ ti fẹ́ ṣe ìpàdé tó kàn?

Ọmọ Bẹẹrẹ · Mọ́ńdè, 20 oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti ń bi mí láti àárọ̀ pé ìgbà wo ni ìdìbò káńsù.